Àpò Alàgbà Ló Wà Níwájú

Ìwé pélébé náà jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, Rashidat sì mú un kó tó balẹ̀. Ó fẹ́ nà án sí Nọ́ọ̀sì Oyinkọ́lá láìwò ó, bó ti ń ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ojú rẹ̀ ló ṣèèṣì bà á. Ṣíbí méjì, lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbi tó nà án dé.

Ṣíbí kan ló yẹ kó wà níbẹ̀.

“Ìyàwó kọ̀ǹpútà, gbé e wá jàre,” Oyinkọ́lá wí láti ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń pín oògùn. “Ìyá yìí ti dúró títí, ọmọ ti sùn sí i lẹ́yìn.”

Rashidat ò mọ̀ pé òun ti dìde. Ó gba ìgò oògùn náà lórí tábìlì, ó gbé e mọ́ àyà. Ó bẹ obìnrin náà pé kó jókòó díẹ̀, àṣìṣe kékeré kan ló wà nínú ìwé. Kékeré. Bó ti ń sọ ọ́ lẹ́nu ló ń ka ọjọ́, nítorí Ọjọ́rú ni òní, láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n sì ti ń pín oògùn náà.

Ọdún kejì rè é tí àwọn sójà ti gbé ìjọba sílẹ̀ fún alágbádá. Ní àdúgbò Ladi-Lak nígbà náà, ìlérí pọ̀ ju omi ẹ̀rọ lọ, fóònù tí à ń mú lọ́wọ́ kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ mẹ̀kúnnù. Bí o bá ń wá èèyàn, ẹsẹ̀ lo máa fi wá a. Dókítà Gbàdàmọ́sí ní ilé ìwòsàn kékeré kan níbẹ̀, ó ń gbé lókè, ó ń wo aláìsàn nísàlẹ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn yòókù ni kọ̀ǹpútà yìí. Dókítà á wọn ọmọ lórí ìwọ̀n, á kọ iye kílò rẹ̀ àti orúkọ oògùn, ẹ̀rọ á ṣírò iye ṣíbí tí ọmọ náà yóò mu, á tẹ̀ ẹ́ síwèé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò. Àwọn ìyá a máa fi ìwé náà han ara wọn lọ́nà. Ẹ̀rọ ò lè parọ́, wọ́n á ní.

Ẹ̀rọ náà kì í ṣe odindi ohun kan nínú. Ẹ̀yà-ẹ̀yà ni wọ́n kọ ọ́. Ẹ̀yà kan ń tọ́jú orúkọ, òmíràn ń tọ́jú ọjọ́, òmíràn ń ṣírò oògùn, èyí sì ni wọ́n sọ ní Ìwọ̀n. Alàgbà Adéjìmí ló kọ́kọ́ kọ gbogbo wọn. Bàbá arúgbó kan ni, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní kọ̀ǹpútà ní Ṣómólú, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé àwọn atẹ̀wé, níbi tí òórùn tàdáwà máa ń bá èèyàn dé ilé. Ọwọ́ rẹ̀ ni Rashidat ti kọ́ṣẹ́. Ọdún tó kọjá ni bàbá náà kú, tí ìtọ́jú ẹ̀rọ náà sì kù sọ́wọ́ Rashidat nìkan.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, oògùn ibà olómi tuntun dé. Ó le ní ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀. Dókítà pe Rashidat, ó ní ọmọ tó bá ń mu ṣíbí méjì tẹ́lẹ̀, ṣíbí kan ni kó máa mu báyìí, nítorí bí oògùn yìí bá pọ̀ jù, ọkàn ọmọdé ló máa ń mú. Rashidat kọ Ìwọ̀n tuntun, ó fi í sínú àpò tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ibi tó ń kó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sí. Ó dán an wò, ṣíbí kan ló sọ. Ó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ó sùn dáadáa lọ́jọ́ náà.

Báyìí ó padà jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó sì tún dán Ìwọ̀n tuntun wò láti inú àpò ara rẹ̀. Ọmọ kílò mẹ́wàá, ṣíbí mélòó? Ẹ̀rọ ní ọ̀kan. Ó gba ojú ọ̀nà tí àwọn nọ́ọ̀sì ń gbà. Ọmọ kan náà, kílò kan náà. Ẹ̀rọ ní méjì.

 Rashidat wo ìdí ẹ̀rọ bí ẹni tó gbọ́ ohùn ẹni kejì nínú yàrá tó rò pé òun nìkan wà.

Ibẹ̀ ni iná lọ. Fáànù dúró. Bátìrì abẹ́ tábìlì bẹ̀rẹ̀ sí í ké, wín, wín, wín. Kì í gbé ẹ̀rọ náà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ṣùgbọ́n bó bá pariwo pé kí wọ́n tàn án, Dókítà á jáde wá bi í pé kí ló dé, òun gan-an ò sì tíì mọ ohun tó dé.

Ó rántí pé ìrántí òun kọ́ ló yẹ kóun máa bi léèrè. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló yẹ kóun bi. Ó kọ ètò kúkúrú kan, kò ju ìlà mẹ́jọ lọ, ó ń tẹ lẹ́tà kan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tó sọ fún ẹ̀rọ náà kò ṣòro: gbogbo ibi tí o ti máa ń wá nǹkan, lọ síbẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yà tí o bá bá níbẹ̀, pe orúkọ rẹ̀, kí o sì sọ ilé tó ń gbé, tò wọ́n bí o ṣe bá wọn.

Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Orúkọ ń gun ojú gíláàsì bí èèrà. Àwọn kan wà tó mọ̀, àwọn kan wà tí kò mọ̀ pé wọ́n ṣì wà, àwọn ohun tí Alàgbà dán wò nígbà ayé rẹ̀ tó sì gbàgbé. Ọjọ́. Orúkọ. Ìwọ̀n, nínú àpò Alàgbà. Ó ń lọ. Ìtẹ̀wé. Káàdì. Lẹ́yìn náà, nísàlẹ̀ pátápátá, Ìwọ̀n, nínú àpò Rashidat.

Méjì ni. Orúkọ kan náà, ilé méjì.

Ó bi í ní ìbéèrè kejì, ìyẹn ló sì bà á lẹ́rù jù láti tẹ̀: nínú méjèèjì, èwo lo gbé lọ́wọ́ báyìí, tí o fi ń dá àwọn nọ́ọ̀sì lóhùn? Ẹ̀rọ ò rò ó rárá. Ti inú àpò Alàgbà ni.

Rashidat mọ ẹni tó ṣe é. Nígbà tó ṣe àpò tirẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá náà, ó ní láti kọ fún ẹ̀rọ, ibi tí yóò kọ́kọ́ wò àti ibi tí yóò wò tẹ̀lé e. Ó ti kọ orúkọ tirẹ̀ síwájú. Ara rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ṣé òun Rashidat, tí bàbá náà di ọwọ́ òun mú lórí bọ́tìnnì àkọ́kọ́, ni yóò wá jókòó síwájú rẹ̀ nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́? Ó pa á rẹ́. Ó gbé àpò Alàgbà síwájú, ó fi tirẹ̀ sẹ́yìn, ó tilẹ̀ fi orúnkún kan kanlẹ̀ díẹ̀ lẹ́bàá àga. Kò sẹ́ni tó rí i. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà bí ẹni tó tọ́jú ibojì.

Ẹ̀rọ ò mọ àgbà. Ó dé àpò àkọ́kọ́, ó bá ohun tí wọ́n ní kó wá, ó gbé e, kò wo iwájú mọ́. Ìgbà tí òun ń dán tirẹ̀ wò, inú àpò tirẹ̀ ló dúró sí, ìyẹn ni ẹ̀rọ fi rí i.

Bátìrì ti ń ké kíákíá. Ó ṣí àkójọ ìwé oògùn tí ẹ̀rọ tẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ó sì ka ti oògùn tuntun. Ọmọ méje, yàtọ̀ sí ti ìyá tó jókòó lóde. Ó fi gègé kọ orúkọ wọn sẹ́yìn ọwọ́, nítorí kò ráyè wá bébà. Lẹ́yìn náà ó gbé àpò tirẹ̀ síwájú, ó fi ti Alàgbà sẹ́yìn. Kò gba ju ìgbà tí èèyàn fi ń sín lọ. Gíláàsì ṣú.

Ó jókòó nínú òkùnkùn yàrá náà, ó ń gbọ́ bí ọmọ kan ṣe ń wúkọ́ lóde. Èrò kan wá bá a, ó wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó ti tún un ṣe. Láti ìsinsìnyí lọ, ṣíbí kan ni. Àwọn méje yẹn ńkọ́? Bóyá kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Bí nǹkan bá sì ṣe ọ̀kan nínú wọn, ibà ni gbogbo ayé á sọ pé ó pa á. Ta ni yóò mọ̀?

Ó wo ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀. Orúkọ ìkẹyìn ni Bọ́dúndé, ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ó kan ilẹ̀kùn Dókítà.

Ọkùnrin náà gbọ́ ọ dé òpin láìdá a lẹ́nu. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí ìwé, ó tún gbé e wọ̀. Ó béèrè pé mélòó. Rashidat na ẹ̀yìn ọwọ́ sí i. Nígbà náà ló rí i pé ọwọ́ Dókítà náà ń gbọ̀n, ìbẹ̀rù rẹ̀ sì di méjì, nítorí ó ti ń rò pé ẹnì kan á wà nínú ilé náà tí ẹ̀rù kò ní bà.

Wọ́n kó káàdì àwọn ọmọ náà jáde. Mẹ́fà nínú wọn ní àdírẹ́sì, Ṣómólú àti àgbègbè Ladi-Lak, Oyinkọ́lá sì bá awakọ̀ Dókítà lọ láti wá wọn. Ìkeje ò ní òpópónà, kò ní nọ́ńbà. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: Etí omi, Bàrígà. Bàbá: Japhet, apẹja. Rashidat ní òun á lọ.

“Rashidat,” Dókítà pè é padà lẹ́nu ọ̀nà. Kò wo ojú rẹ̀. “Bí wọ́n bá béèrè, ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe. Ohun tí gbogbo wa máa sọ nìyẹn.”

Ó gun ọ̀kadà débi tí ọ̀dà títì parí sí, ó fẹsẹ̀ rìn nínú ẹrẹ̀ lọ síbi tí àwọn ilé onípákó dúró lórí igi lójú ọ̀sà. Èéfín ẹja gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja wo bàtà rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, “Sista, bàtà yẹn á bá edé sọ̀rọ̀ lónìí o.” Nígbà tí wọ́n rí ojú rẹ̀, ẹ̀rín náà kú. Ó béèrè ìyá Bọ́dúndé, wọ́n nawọ́ sí afárá pákó kan. Pákó méjì ni, omi dúdú ń hàn láàárín wọn. Rashidat ò mọ̀ bó ṣe gba orí rẹ̀ kọjá.

Tabitha, ìyá ọmọ náà, bá a lẹ́nu ọ̀nà, ìpẹ́ ẹja kún apá rẹ̀ dé ìgùnpá. Ó mọ̀ ọ́n lójú láti ilé ìwòsàn. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí i, ìyẹn sì dun Rashidat ju bí ẹni pé ó gbá a létí lọ.

“Ìyá Bọ́dúndé, ṣíbí mélòó lẹ fún un?”

“Kan ni. Lọ́jọ́ Ajé, kan. Lánàá, kan.” Tabitha nu ọwọ́ mọ́ ìró. “Ẹ má bínú, sista. Mo mọ̀ pé ìwé ní méjì, ìyá tó jókòó tì mí lọ́jọ́ náà ló kà á fún mi. Ṣùgbọ́n a kì í fún ọmọ ní ohun tí a ò tíì fẹnu kàn nílé wa. Mo tọ́ ọ wò. Ó korò ju ti ìgbà yẹn lọ. Mo ní ọ̀kan tó o.”

 Rashidat di òpó ẹnu ọ̀nà mú, ẹ̀rín àti ẹkún sì bá a pọ̀. Obìnrin tí kò mọ̀wé ti bi oògùn náà fúnra rẹ̀ léèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, ní ọjọ́ méjì ṣáájú òun.

“Àfi àárọ̀ yìí,” Tabitha wí.

“Kí ló ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ yìí?”

“Bàbá rẹ̀ dé láti ojú omi. Ó wo ìgò, ó ní oògùn ṣẹ́kù jù. Ó ka ìwé náà sí mi létí. Ó ní èmi tí n ò jókòó ní kíláàsì rí ló ń bá dókítà jiyàn, ó ní mo fẹ́ pa ọmọ òun. Ó fún un ní méjì ti òní.” Ó gbé ojú sílẹ̀. “Ó tún fún un ní méjì tí mo fi gé e kù.”

Ṣíbí mẹ́rin. Rashidat ti wọlé kí obìnrin náà tó parí ọ̀rọ̀.

Ọmọ náà wà lórí ẹní, ó dà bí ẹni tó sùn. Òógùn bò ó bí ẹni tí wọ́n yọ láti inú omi. Ó ti bì lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ̀ wí, lẹ́yìn náà ló dákẹ́, òun sì rò pé ara ló tù ú. Rashidat gbé etí lé àyà rẹ̀. Ọkàn náà ń lù, ó dúró, ó sáré, ó tún dúró. Ó ní kí Tabitha gbé e, kí wọ́n máa lọ. Kò sọ ìdí. Tabitha wo ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò sì béèrè. Ó ké sí aládùúgbò pé kó fi iṣẹ́ rán sí Japhet níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, ó gbé ọmọ, ó sì sáré gba orí pákó náà láìwọ bàtà, Rashidat lẹ́yìn rẹ̀.

Lórí ọ̀kadà, àwọn méjèèjì há ọmọ náà sáàárín. Rashidat fi ọwọ́ sábẹ́ imú rẹ̀ láti etí omi dé Ladi-Lak, ó ń ka èémí. Ó kà á dé igba, ó ṣì í kà, ó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní ibì kan lójú ọ̀nà, èémí kankan kò kan ọwọ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ ké, kó tó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ojú ọ̀nà ló gbé e lọ.

Dókítà gba ọmọ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín gba imú rẹ̀ dé ikùn, wọ́n fọ inú rẹ̀, wọ́n so omi mọ́ ọn lápá. Wọ́n ní kí Rashidat jáde, yàrá náà ti kún. Kò síbi tó lè lọ. Ó padà sí yàrá kọ̀ǹpútà, iná ti dé, ó tan ẹ̀rọ, ó sì jókòó tì í.

Oyinkọ́lá dé nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀. Ó yọ orí wọlé, ó ní wọ́n rí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òòyì ń kọ́ ọ̀kan lára wọn, wọ́n gbé e wá kí Dókítà máa wò ó, àwọn yòókù ń ṣeré. Ó fẹ́ pè é ní ìyàwó kọ̀ǹpútà bó ti máa ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ó gbé e mì, ó sì lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkùnrin kan wọ inú yàrá náà wá láìkanlẹ̀kùn. Ṣòkòtò rẹ̀ tutù dé orúnkún, okùn àwọ̀n ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ó ga, ó sì fẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn sẹ́yìn. Rashidat mọ̀ pé Japhet ni, ó sì fi ẹ̀yìn wá ògiri.

“Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló ṣe é,” ó wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. “Èyí náà rè é?”

“Òun ni, sà.”

Ó sún mọ́ ẹ̀rọ náà. Ó wò ó lójú, ó wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí àwọn wáyà ti ń jáde. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ ńlá rẹ̀ lé e lórí. Rashidat ń retí ìgbà tí yóò gbé e ṣánlẹ̀. Ohun tí Dókítà ní kí wọ́n sọ ti wà létè rẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti bá a sọ ọ́ tán. Kò ju kó dákẹ́ lọ.

“Òun kọ́,” Rashidat wí. “Èmi ni. Ìṣirò méjì ló wà nínú rẹ̀, ti àtijọ́ àti ti tuntun. Èmi ni mo fi ti àtijọ́ síwájú, mi ò sì bi í léèrè èyí tó ń lò. Ọjọ́ mẹ́ta, mi ò bi í.”

Japhet ò yí padà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀rọ. Ó ní, “Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé ó korò. Mo ní kó panu mọ́.” Ó fi ọwọ́ kejì fa okùn àwọ̀n náà. “Mo pariwo lé e lórí, sista. Àwọn ará ilé kejì gbọ́. Mo ní, ṣé o mọ ìwé kà ni?”

Láti inú yàrá kejì, ọmọ kan bú sẹ́kún. Ẹkún náà ha, ó kún fún ìbínú, bí ti ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun tó sì ń béèrè ẹni tó jí i. Wọ́n gbọ́ ohùn Tabitha, ó ń pe oríkì rẹ̀ ní jẹ́jẹ́. Rashidat di ẹnu mú. Ó wo Japhet, ó ń retí pé yóò sáré jáde.

Japhet kò kúrò níbi tó dúró sí.

Rashidat náà kò kúrò níbi tó wà. Nígbà náà ló wá yé e pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni ọkùnrin yìí wá wò. Nínú gbogbo ilé ìwòsàn náà, yàrá yìí nìkan ni ojú rẹ̀ kò ti ní bá ojú Tabitha. Òun Rashidat náà ti sá pamọ́ sínú rẹ̀ láti ọ̀sán, ó tan ẹ̀rọ sílẹ̀ lásán, kò sì fọwọ́ kan bọ́tìnnì kan.

“Ẹ̀rù ń bà mí,” Japhet wí.

“Èmi náà,” Rashidat wí. Ó sì ṣílẹ̀kùn.